Ojú Ewé Kẹta

Ẹ̀fọ́ ló san púpọ̀ nínú owó ọkọ̀ wa. Àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsìkàn, nílùú Àkúrẹ́, ló gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sẹ́yìn kíláàsì wọn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé. Nígbà tó tó já, wọ́n dì í ní ìdì-ìdì, wọ́n sì ń rù ú lọ sí ọjà Ìsìkàn lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti fìwé ránṣẹ́ sáwọn òbí pé àwọn ọmọ JSS 1 sí JSS 3 ń lọ sí Òkè Ìdànrè fún ẹ̀kìsìkọ́ṣọ̀n. Àwọn òbí kan san owó náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n fún àwọn láyè di ìparí oṣù. Àwọn mìíràn fèsì pé àwọn kò rán ọmọ àwọn wá sílé ìwé kó wá máa gun òkè kiri, kí wọ́n yáa kọ́ ọ ní Mathematics. Owó ẹ̀fọ́ yìí ni wọ́n fi dí àlàfo náà, kó má baà jẹ́ pé ọmọ ẹni tó rí já jẹ nìkan ni yóò wọ bọ́ọ̀sì.

Èmi kì í ṣe tíṣà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ wọn ní Basic Science, obìnrin tó kàwé jáde ní Adéyẹmí ní Oǹdó kí wọ́n tó sọ ọ́ di yunifásítì, ló pè mí pé kí n wá kọ́ àwọn ọmọ Press Club bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn, kí n sì bá wọn rìn. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ojú ewé mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀: ohun tí mo rí, ohun tí mo gbọ́, ohun tí kò yé mi.

Ojú ewé kẹta yìí kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn tíṣà. Tíṣà Social Studies, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bi mí pé, "Bọ̀dá, tí ọmọ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan kò yé òun, tí ọ̀gá wá kà á, ta ni wọ́n máa pè?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ènìyàn ni. Nínú kíláàsì wa, ẹni tó nawọ́ sókè láti dáhùn là ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó bá nawọ́ sókè pé kò yé òun, "Ibo lo wà nígbà tí mò ń ṣàlàyé?" ló máa gbọ́.

Ọjà la ti kọ́kọ́ dán ìwé náà wò. Àwọn ọmọ yìí di ẹ̀fọ́ wọn ní ìdì gàgàrà, bí ẹni ń dì í lọ fún ìyá tó bí i. Ìyá kan tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wò wọ́n títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn tó ń ti ara rẹ̀ jẹun lọ́wọ́ ni?" Ó tú ìdì kan, ó sọ ọ́ di méjì, ó tún yọ díẹ̀ sápá kan pé ẹ̀ẹ́nì nìyẹn. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ́n omi sí ẹ̀fọ́ kó má rọ, ó kọ́ wọn pé kí wọ́n máa kí oníbàárà kó tó kí wọn, kí wọ́n má sì fi iye tí wọ́n fẹ́ gbà gan-an ṣí ẹnu. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ka ojú ewé kẹta wọn. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé: "Ẹ̀fọ́ tí a já pa pọ̀ ni, kí ló dé tí owó rẹ̀ fi ń já wálẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú?" Ọmọkùnrin kan kọ tirẹ̀: "Kí ló dé tí wọ́n fi ń ná ẹ̀fọ́ wa ju bí wọ́n ṣe ń ná ẹran lọ?" Tíṣà Business Studies gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ti ń wá ọ̀nà tí òun á gbà kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ ọjà títà àti ọjà rírà láìka ìwé sí wọn létí, wọ́n mà ti bá òun dé ibẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Òkúdù la gbéra. Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 24 ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì náà ni kò débẹ̀ rí. A gba Òkè-Àrò jáde. Orin gba gbogbo ọkọ̀ kan títí tí àwọn àpáta fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín igbó, tí ọ̀rọ̀ sì yí padà sí "Ẹ wò ó! Ẹ wo ìyẹn!" Àpáta dúdú ràgàjì, orí rẹ̀ dán borokoto, ìkúukùu sì wé mọ́ ọn lọ́rùn. Tíṣà Basic Science dìde dúró láàárín bọ́ọ̀sì, ó di irin mú, ó ní ohun tí wọ́n ń wò yìí ti jẹ́ òkúta tó yọ́ bí ògì gbígbóná rí nísàlẹ̀ ilẹ̀, pé ó tutù, ó le, tí ilẹ̀ tó bò ó sì ṣí kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ òkúta sọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ 600 mílíọ̀nù ọdún. Gbogbo wọn kọ ọ́ sójú ewé kejì. Ọmọ kan lẹ́yìn bi í pé ta ló wà níbẹ̀ tó ka ọdún náà. Tíṣà ní kó kọ ìyẹn sójú ewé kẹta.

Oko kòkó la kọ́kọ́ yà sí, ká tó dé Ìdànrè gan-an. Bàbá kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ọ̀kan nínú àwọn tíṣà ló gbà wá lálejò. Kòkó ni Ìdànrè fi lókìkí káàkiri Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ọmọ Àkúrẹ́ tó ń mu kòkó nínú ife láràárọ̀ lè má mọ̀ pé ara ìtì igi gan-an ni èso rẹ̀ ti ń yọ, kì í ṣe orí ẹ̀ka nìkan. Bàbá na igi kan sókè, ó ní ta ló lè fọ́ kòkó. Àwọn ọmọ tó máa ń sáré dáhùn ní kíláàsì tẹjú mọ́lẹ̀. Ọmọ JSS 3 kan tí mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn ṣe ìpàdé ló bọ́ síwájú. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, ó gba igi, kò gba àdá. Ẹ̀ẹ̀kan ló lu kòkó náà, ó pín sí méjì, kóró funfun rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ láìfarapa.

"Kí ló dé tó ò mú àdá?" Bàbá ló bi í bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Tí àdá bá gé kóró, Bàbá, èbu àti kòkòrò á wọ inú rẹ̀ kó tó gbẹ."

Ó wá hàn pé oko kòkó ni bàbá tirẹ̀ náà ń dá, pé ibẹ̀ ló máa ń lò gbogbo ọlidé rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè rí nílé ìwé. Fún bíi wákàtí kan, òun ni tíṣà. Ó kó wọn lọ síbi tí kòkó tútù wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n fà á yọ kíá: ó gbóná! Iná kò sí, oòrùn kò ta sí i. Tíṣà Basic Science kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn, ó ń gbọ́. Ìgbà tí ọmọ náà ní "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mi ò mọ ohun tó fà á" ni tíṣà tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, tó ṣàlàyé pé àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú kò rí ló ń jẹ ṣúgà ara kóró náà, bí ìwúkàrà ṣe ń ṣe sí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, pé iṣẹ́ wọn ló ń mú ooru wá. Bíi ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sá a. Ká ní kì í ṣe ti ọjọ́ wọ̀nyẹn ni, kòkó náà kò ní ní òórùn àti adùn tí àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ń wá.

Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Bàbá ní kìlò 100 kòkó tútù, tó bá gbẹ tán, kì í ju bíi 40 lọ. Tíṣà Mathematics, tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tají. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ń fi igi ṣírò rẹ̀ sórí ilẹ̀. Àmọ́ ọmọ JSS 1 kan, kékeré báyìí, bi Bàbá léèrè pé ta ló ń dá iye tí wọ́n ń rà á. Bàbá ní lọ́dún 2024 òun gbọ́ lórí rédíò pé tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là, pé kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, pé ó sì tún wá já wálẹ̀ lẹ́yìn náà. "Wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń dá a." Mo rí ohun tí ọmọ náà kọ. "Ta ló jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tó ń dá owó lé kòkó tí kò gbìn?" Mo ti jókòó nínú àpérò ọrọ̀ ajé tí àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láìbéèrè ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀.

A kọjá Aládé, a kọjá Atòsìn, a dé Odòde, níbi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀. Iye tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé àtẹ̀gùn náà jẹ́ 660. Ẹ óò tún rí ibi tí wọ́n ti kọ 667, ẹ óò rí 682. A pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, a ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan kà á bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Èmi kò kà á. Èémí ni mò ń wá. Àwọn ibi ìsinmi tó wà lójú ọ̀nà náà ni mo fi ń gbé ara ró, àwọn ọmọ JSS 1 sì ń kọjá lára mi, wọ́n ń kí mi pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń kí bàbá àgbà. Nígbà tí a débi ìsinmi tó kẹ́yìn, iye kò bára mu. Ariwo sọ. Ọ̀wọ́ kan ní àwọn tó kù sùn lọ́nà ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnì kan tó béèrè ohun tó yẹ ká ti kọ́kọ́ bi ara wa: kí ni à ń pè ní àtẹ̀gùn? Ṣé èyí tó ti fọ́ wà nínú rẹ̀? Ṣé ibi pẹrẹsẹ tí a ti sinmi jẹ́ ọ̀kan? Wọ́n fẹnu kò níbẹ̀, lórí àpáta, láìsí tíṣà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ọ̀wọ́ ló máa fi òfin kan náà kà á.

Ìlú àtijọ́ wà lókè níbẹ̀. Ààfin Ọwá, kọ́ọ̀tù àtijọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nárì. Amọ̀nà wa sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo àlejò: pé àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yìí fún nǹkan bí 800 ọdún, pé ogun àti ọ̀tá ni wọ́n fi òkè náà sá fún, pé ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Láti ọdún 2007 ni òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ọmọbìnrin JSS 2 kan nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ogun Kírìjì parí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Tó bá jẹ́ ogun ló gbé wọn wá síbí, kí ni wọ́n tún ń ṣe lókè títí di 1923?"

Amọ̀nà wo Tíṣà Social Studies. Tíṣà Social Studies wo èmi. Láti sáà 2009/2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ girama kékeré, wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́ sínú Social Studies, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí ìjọba tó dá a padà. Àárín àkókò yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wà ní JSS. Ó sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, níwájú gbogbo wọn: "Wọn ò kọ́ èmi náà. Mo máa wádìí ẹ̀." Ẹ̀rù bà mí fún un. Kò sí ìdí fún ìbẹ̀rù náà. Àwọn ọmọ náà tẹ orí wọn sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sójú ewé kẹta, wọ́n sì ń bá ìrìn lọ.

Ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn ló gba àkókò wa jù. Ìtàn ní akọni olóògùn kan ló fi ẹsẹ̀ tẹ àpáta náà, pé ẹsẹ̀ yòówù kó jẹ́, kékeré tàbí ńlá, yóò bá a mu, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ kan sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kí Tíṣà Mathematics kọ́kọ́ lọ, ẹ̀rín wá pa gbogbo wa. Ọmọ tó kéré jù nínú wọn ló ṣe akin, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́, àpátẹ́wọ́ ta. Tíṣà tó ga jù gbé tirẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Ni àwọn ọmọ bá yọ rúlà àti okùn jáde, wọ́n fi wọn gígùn àti ìbú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fi amọ̀nà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ihò tó bá fẹ̀ tó kò níí kọ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi dá a lẹ́kun. "Ohun tí amọ̀nà sọ, ojú ewé kejì. Ohun tí o wọ̀n, ojú ewé kìn-ín-ní. Má fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́." Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn tó ń gbowó oṣù ni kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tí omi ti ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ lórí àpáta ni ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ti ní ohun tó fẹ́ fi hàn wọ́n. Ó ní kí wọ́n rán òun létí àwòrán ìgbé ayé ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n yà nínú ìwé: ẹyin nínú omi, ọmọ tó nírù nínú omi, ẹsẹ̀ yọ, ó jáde. Wọ́n kà á bí àkọ́sórí. Ó wá sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé òkè Ìdànrè yìí nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní gbogbo ayé. Ní 1963 ni Arne Schiøtz, ará Denmark, kọ nípa rẹ̀ tó sì fi orúkọ onímọ̀ mìíràn, Perret, sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ogójì ọdún tí kò sí onímọ̀ tó tún fojú kàn án, ó di 2013 kí àwọn olùwádìí tó tún rí i. Ọmọ rẹ̀ tó ṣì nírù kì í gbé inú adágún. Ara àpáta tí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ṣàn lé ló ń lẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ náà wólẹ̀. Wọ́n fi orúnkún rìn, wọ́n fi imú kan àpáta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, igbe ta níbì kan: àwọn nǹkan dúdú tíntìntín kan ń ta pọ́ún-pọ́ún lórí òkúta tútù, wọ́n ní ìrù. Èmi kò lè búra pé ọ̀pọ̀lọ́ Perret ni, bẹ́ẹ̀ ni tíṣà kò búra. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n yà á bó ṣe rí gan-an, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí i. Mi ò rí ibi tí ọmọ ilé ìwé ti dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láìsí pàṣán nítòsí.

Òjò lé wa sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ JSS 3 tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àtẹ̀gùn, wọ́n ń gba àwọn kékeré mú lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Kò sẹ́ni tó rántí ka àtẹ̀gùn mọ́.

Nínú ọkọ̀, ẹnì kan béèrè pé kí àwọn ará Ìdànrè tó dé orí òkè wọn, ta ló wà ní agbègbè wa. Ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ Ihò Eléérú fún wọn, ní ẹ̀gbẹ́ Ìsàrun, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wa ilẹ̀ ní 1965, tí wọ́n bá egungun ènìyàn kan tó ti kú láti nǹkan bí 13,000 ọdún, àti òkúta gbígbẹ́ tí àwọn ará ìgbà náà fi ń ṣiṣẹ́, tó pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ. "Ìsàrun wo? Ìsàrun ibí yìí?" Ọ̀kan nínú wọn ní ìyá àgbà òun ń gbé nítòsí ibẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún òun. Wọ́n ti yan ibi tí wọ́n fẹ́ lọ ní sáà tó ń bọ̀ ká tó wọ Àkúrẹ́. Dírẹ́bà ti dá owó tirẹ̀ lé e, ó sì ga.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè mí. Gbogbo ìwé àwọn ọmọ wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó fi bí nǹkan ṣe rí hàn mí: ìwé ìgbéléwọ̀n tó ń gba máàkì sí ní àyè fún iṣẹ́ àṣetiléwá, fún ìdánwò kékeré, fún ìdánwò ńlá, kò ní àyè fún ojú ewé kẹta. Ọmọ tó fọ́ kòkó yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ṣe wí. "Máàkì mélòó ni kí n fún ìbéèrè?" Ó béèrè é tọkàntọkàn. Mo ní kí ó fún un ní pátákó. A gbà pé pátákó ìròyìn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ yóò di ti Press Club, pé ìbéèrè kan ni wọn yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó béèrè é, tí ẹnikẹ́ni, tíṣà, òbí, ọmọ, yóò sì lè kọ èsì sábẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òbí kan tó ń ra kòkó kọ èsì tó kún ojú ìwé méjì, Tíṣà Business Studies kò sì gbà pẹ̀lú ìlàjì rẹ̀.

Tíṣà Social Studies ti padà lọ sí Ìdànrè ní tirẹ̀. Ó lọ bá àwọn àgbà pẹ̀lú ìbéèrè ọmọbìnrin JSS 2 yẹn. Àgbà kan ní oko kòkó ló fa àwọn ènìyàn lọ sísàlẹ̀. Òmíràn ní ọ̀nà mọ́tò àti ọjà ni. Ẹ̀kẹta bínú sí i: ta ló sọ fún un pé àwọn kúrò lókè, ṣé kò mọ̀ pé àwọn ṣì ń gòkè lọ ṣe ọdún ni? Ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Ọmọbìnrin náà kà á tán, ó ní ti bàbá tó bínú yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù. Àwọn ọmọ JSS 3 ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀nà mọ́tò ni. Wọ́n ti fi í sí àríyànjiyàn ọjọ́ Jimọ̀, wọ́n sì ti rán mi níṣẹ́ pé èmi ni adájọ́.